Tokuji àti Ìrẹsì Òkèèrè

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1994, ìrẹsì ilé wa ní Japan gbówó lórí, ó di ẹgbẹ̀rún méje yẹ́nì fún kílò mẹ́wàá. Òtútù ló pa ìrẹsì lóko ní gbogbo àríwá Japan lọ́dún tó ṣáájú. Olóògbé Tokuji Kumagai, tó ti gbin ìrẹsì fún ogójì ọdún, wá tò láti ra ìrẹsì. Ojú tì í, ó fi aṣọ ìnura bo imú. Nígbà tó kàn án, ọlọ́jà ní òun ò ní ta tilé àfi tó bá ra ti Thailand mọ́ ọn; ó ti so àpò méjèèjì pọ̀.

"Ẹ tú u! Mo ní kẹ́ ẹ tú méjèèjì!"

Ohùn yẹn ni gbogbo ìlà fi mọ̀ ọ́n. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Tokuji!"

Ó bínú lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ó ti búra pé ìrẹsì òkèèrè ò ní wọ ẹnu òun. Nílé ìwẹ̀ gbogbo ìlú, nínú omi gbígbóná, òun àti Yasaku tó ń ṣe tófù, ìyẹn wàrà ẹ̀wà sóyà, máa ń jà sí i.

"Wo ẹ̀wà sóyà," Tokuji á ní. "Wọ́n yọ owó ibodè kúrò lórí tòkèèrè. Ta ló tún ń gbìn ín? Oko bàbá mi ti digbó."

"Ìwọ náà lọ wo òkúta ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì. Nígbà ìyàn àtijọ́, ìrẹsì wà nílùú kejì, àwọn ìjòyè ti ibodè pa. Àwọn tébi pa ló wà lábẹ́ òkúta yẹn."

"Ẹni tó bá gbin tiẹ̀ ò ní tọrọ."

"Òtútù ńkọ́? Ṣé ó san owó ibodè kó tó wọlé ni?"

Tokuji wá ń fi údọ̀n, oúnjẹ oníyẹ̀fun tó gùn bí okùn, panu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí Yasaku tó sọ fún un pé àlìkámà Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é. Tokuji dẹ́kun jíjẹ. Ó wo abọ́ títí. "Èyí tó ti dé ẹnu ti kọjá ibodè," ló wí, ó gbé e mì.

Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, àìsàn Kiyo ìyàwó rẹ̀ le. Ògì ìrẹsì nìkan ni inú rẹ̀ ń gbà. Tilé ti tán lọ́jà, irúgbìn nìkan ló kù nílé, ó sì ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi. Tokuji dúró ti àpò irúgbìn náà, ó ti ń tú okùn.

"Tokuji, má fọwọ́ kàn án," Kiyo ní. "Kí lo máa gbìn? Lọ bá Yasaku."

Ó lọ. Yasaku ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wọn kílò méjì ìrẹsì Thailand fún un. Tokuji sè é bó ṣe ń se tiwa, ó ń retí kó lẹ̀ mọ́ra. Ó bu omi kún un, ó rò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rò ó já ìdí ìkòkò, síbẹ̀ kò lẹ̀.

Kiyo tọ́ ọ wò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn wọ̀nyí ò mọ ara wọn rí."

"Àlejò ni wọ́n," Tokuji ní.

Kiyo jẹ ẹ́ tán. Àtìgbà tí yìnyín ti bọ́ ni kò ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Nígbà tó sùn, Tokuji ha ìkòkò, ó jẹ èyí tó kù.

Kiyo kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún. Tokuji nìkan ló gbin oko lọ́dún yẹn. Ó padà sílé ìwẹ̀, ó ní, "Mo ṣì ní kí wọ́n gba owó ibodè."

"Mo mọ̀," Yasaku ní, ó ń fọ ẹ̀yìn fún un.

Tokuji náà ti lọ. Yasaku máa ń jókòó sínú omi yẹn báyìí, kò rẹ́ni bá jà.

Kílò méjì ni Tokuji gbà. Ọgbọ̀n kílò ìrẹsì tuntun ló gbé wá sẹ́nu ọ̀nà Yasaku, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1994, kí aago méje àárọ̀ tó lù.