Àgúnmu Ṣàkírù àti Ẹsẹ̀ Sàlísù Bíríkìlà

Bí ẹ bá gba Mowe kọjá, tí ẹ rí ilé alájà méjì kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọsàn lẹ́yìn ọjà, Sàlísù Olúsànyà ló mọ ògiri rẹ̀. Ẹ ta okùn ìwọ̀n sí i, ẹ ò ní rí ibi tó ti wọ́. Mo tètè sọ èyí nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n ń rí bàbá tó ń fi ọ̀pá rìn yẹn, tí wọ́n rò pé kò ṣe nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Kí wọ́n lọ wo ògiri náà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ifo ló ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, òun àti Ṣàkírù ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Ìyá Sàlísù ti kú nígbà yẹn, ìyá Ṣàkírù ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Inú abọ́ kan ni wọ́n ti ń jẹun, bí ẹran bá sì ku ẹyọ kan ṣoṣo, ìyá yẹn á fi ọ̀bẹ là á sí méjì, á wò ó dáadáa kí ọ̀kan má baà ju èkejì lọ. Ní ti iṣẹ́, ọwọ́ Sàlísù ni ọ̀gá fẹ́ràn. Bí lọ́rí bá da yanrìn sílẹ̀, Sàlísù á bù díẹ̀, á fi ìka rà á, á ní, "Amọ̀ wà nínú èyí, ẹ ní kí wọ́n kó o padà." Kò mọ odò tí wọ́n ti wa yanrìn náà, kò sì bèèrè. Ìka rẹ̀ kì í ṣì í lọ́nà.

Nígbà tó fi máa di ọdún 2005, àwọn ará Èkó ti ń ya wọ Mowe àti Ibafo bí omi, kálukú ń ra ilẹ̀, kálukú ń kọ́lé. Sàlísù ò ráyè sinmi. Ṣàkírù ní tirẹ̀ ti pa iṣẹ́ tì, ó ní oòrùn ti pọ̀ jù, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù àgúnmu sí ẹ̀bá títì ní Ibafo. Ó kọ ọ́ sára pátákó pé òun ń lé làkúrègbé lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ò bá a jà nítorí ìyẹn. Ẹni tó bá mọ ewé, kó ta ewé, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ewé ló ń tà.

Orúnkún Sàlísù ló bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Á wú, á pọ́n, á gbóná. Bí aṣọ lásán bá kàn án, ọkùnrin á figbe ta. Bíríkìlà tí kò lè gun pákó dé orí ògiri, kí ló tún kù tó fẹ́ ṣe? Kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù láyé tó ìyẹn, kí ẹsẹ̀ máa wò ó kó má gbé e gòkè mọ́. Ó bá gba Ibafo lọ.

"O ní irú èyí lára, o ò wá bá mi?" Ṣàkírù ní. "Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́, nínú ẹ̀kọ gbígbóná. Bó bá ṣì wú lọ́jọ́ kẹta, wá gé ọwọ́ mi."

Ọjọ́ kẹta ò tíì pé tí orúnkún fi rọ̀ wọ̀ọ̀. Sàlísù padà sórí ògiri, ó ń fò láti pákó dé pákó. Nígbà tí oṣù gorí oṣù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ojú rẹ̀ rí roboto, àwọn ọmọṣẹ́ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọ̀gá, ìgbádùn ti dé o!" Inú rẹ̀ ń dùn. Kò sí ẹni tí kò júwe ṣọ́ọ̀bù Ṣàkírù fún.

Lọ́dún Iléyá kan, òun àti Ṣàkírù jọ lọ kí ìyá Ṣàkírù ní Ifo. Orúnkún Ìyá méjèèjì ti wú, ògiri ló fi ń tì í rìn. Sàlísù wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ṣé Ìyá ò lo àgúnmu ni?"

"Arúgbó ò gbọ́ràn," ni Ṣàkírù fi dá a lóhùn. "Wọ́n ní ó korò."

Sàlísù rẹ́rìn-ín. Òun náà mọ agídí Ìyá.

Ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 2007 ni ìṣó inú pákó gún un lẹ́sẹ̀ òsì, ó la sílípáàsì kọjá wọnú ẹran. Ó fà á yọ, ó da kẹrosíìnì sí i, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Sùwéébátù ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Nusaybah, ẹ jẹ́ ká lọ gba abẹ́rẹ́."

"Abẹ́rẹ́ kí ni? Ṣé o rí i kó wú?"

Ìyàwó tẹ ẹsẹ̀ náà wò. Kò wú lóòótọ́. Kò gbóná, ibà ò mú un, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Sàlísù fi gun òkè ògiri, tó sọ̀ kalẹ̀, lórí ẹsẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó ń ṣe àlùwàlá fún ìrun àìlà, ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó kan tòsì. Bó ṣe fọwọ́ rà á, awọ tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀, òórùn sì sọ.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé ìka márààrún àti ìlàjì àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tó lajú, omi ló ń dà lójú rẹ̀. Ó sọ fún dókítà, ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìbíwùnmí, pé, "Dókítà, ara mi ló dà mí. Ó ń jẹrà, kò sì sọ fún mi."

Dókítà fa àga sún mọ́ ọn. "Bàbá, ìyàwó yín ní bíríkìlà ni yín. Báwo lẹ ṣe ń mọ yanrìn tí kò dáa?"

Sàlísù fi àtàǹpàkò ra ìka rẹ̀. "Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n."

"Ara yín náà ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bí i mọ́ yín ni, ẹ ò kọ́ ọ. Ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ yín ló wà. Kòkòrò àrùn tí wọn ò rí rí, bí wọ́n bá ti kan èèpo rẹ̀ báyìí, wọ́n á mọ̀ pé ẹni ibi ti wọlé, wọ́n á sì pariwo. Wíwú, gbígbóná, ibà, ìrora, ariwo yẹn náà ni, òun ló ń pe àwọn ọmọ ogun ara wá."

"Ṣé tèmi sùn ni?"

"Wọn ò sùn. Wọ́n di wọ́n lẹ́nu ni. Ojú yín tó rí roboto yìí, mo ti rí irú rẹ̀ mẹ́jọ lọ́dún yìí. Kí lẹ̀ ń lò?"

Ó sọ fún un. Dókítà mi orí. Ó ní àwọn kan ń lọ oògùn oníhóró òyìnbó tó ń pa wíwú, wọ́n á pò ó mọ́ ewé, wọn kì í sọ fún ẹni tó ń rà á. Ó ní nǹkan bí iyọ̀ wẹ́wẹ́ ló ń dì sínú orúnkún Sàlísù, tí àwọn aṣọ́nà ara ṣì í pè ní ọ̀tá, tí wọ́n ń pariwo lásán. Oògùn yẹn pa ariwo àṣìṣe, ó pa ariwo òdodo mọ́ ọn. "A ó máa dín in kù fún yín díẹ̀díẹ̀," ó ní. "Ẹ ò gbọdọ̀ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti mọ́ ara yín lára."

"Ṣàkírù ò lè mọ̀," ni Sàlísù ń sọ. "Ẹni tó ń lọ̀ ọ́ fún un ló tàn án jẹ." Ó sọ ọ́ fún dókítà, ó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, ó sọ ọ́ fún Sùwéébátù. Ẹsẹ̀ ti lọ, iṣẹ́ ọwọ́ ti lọ. Kí ọ̀rẹ́ má lọ ló kù tó dì mú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Ṣàkírù dé pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá, Ìyá fara ti èjìká rẹ̀. Orúnkún Ìyá ò jẹ́ kó rìn dáadáa, ó wó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ lé báńdéèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Sàlísù ọmọ mi. Ẹsẹ̀ tí mo fi ọṣẹ fọ̀ fún ọ rèé."

"Ẹ má sunkún, Ìyá." Ó wo orúnkún Ìyá. "Ìyá, ṣé òótọ́ ni pé àgúnmu Ṣàkírù korò lẹ́nu yín?"

"Korò kẹ̀? Èmi tí mò ń jẹ ewúro!" Ìyá nu ojú, ẹ̀rín yọ díẹ̀ létè rẹ̀, ẹ̀rín ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń tọ́jú. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bù ú sẹ́nu. Ṣàkírù ló gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó ní kí n tu ú dà nù. Ó ní, 'Ìyá, ọjà lèyí, a kì í fún ẹni tiwa.'"

Ṣàkírù tẹjú mọ́ ọsàn ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Ọdún méjì gbáko ni Sàlísù fi ń jẹ ohun tí Ṣàkírù ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tọ́ wò. Ẹran tí wọ́n là sí méjì dọ́gba dọ́gba ló wá sí i lọ́kàn, ó sì dùn ún débi pé ó fi ọwọ́ bojú. Ó ti rò pé ẹni tiwọn ni òun.

"Kí ló dé, ọmọ mi?" Ìyá sún mọ́ ọn. "Ta ló ṣe ọ́? Àbí ẹsẹ̀ ló ń dùn ọ́?"

Sàlísù wo ìyá tó bọ́ ọ dàgbà, kò lè tú àṣírí ọmọ rẹ̀ fún un.

"Ẹsẹ̀ ni, Ìyá," ó ní.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Ṣàkírù mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ìmí yẹn dun Sàlísù ju ọ̀bẹ dókítà lọ.