Ìlà Mẹ́rin fún Ìyá Oníròyìn

Orí rédíò ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń ka ìròyìn ní èdè Yorùbá nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Lọ́kọ́ja, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìròyìn ló jẹ́ kí ìlú fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́dún tí odò kún wọ inú ilé wa, tí oníkálukú sá gba ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ, òun ló jókòó sí ilé iṣẹ́ rédíò tó ń pe orúkọ àwọn tí ará ilé wọn ń wá. Á pè é ní Yorùbá, á tún un pè ní Hausa, á sọ ibi tí wọ́n ti rí ẹni náà gbẹ̀yìn àti aṣọ tó wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe rí àbúrò rẹ̀. Ilé obìnrin náà gan-an wà lábẹ́ omi lásìkò yẹn.

Nígbà tí mo di olùkọ́, tí mo ń gbé ní àdúgbò Crusher ní Lọ́kọ́ja, mo dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń kọ ìwé ìmọ̀ ńlá orí ayélujára, èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún ṣe. Mo wá orúkọ rẹ̀ nínú rẹ̀, n kò rí i. Mo sọ fún ẹnì kan tí a jọ ń kọ ọ́, ọmọ Ìlọrin tí ìdílé rẹ̀ ti ń ta aṣọ ní ọjà Kpata láti ayé bàbá bàbá rẹ̀. Alhaji ni mo ń pè é.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ lọ bá Mama sọ̀rọ̀. Èmi á máa wá ẹ̀rí."

Ilé ọmọ Mama obìnrin ní àdúgbò Felele ni mo ti bá a. Ó ti fẹ̀yìn tì, àìsàn kíndìnrín sì ti dá a dúbúlẹ̀. Ojú rẹ̀ wú débi pé ǹ bá má dá a mọ̀, àfi ìgbà tó lanu tí mo gbọ́ ohùn tí mo mọ̀ lórí rédíò.

"Ọ̀kún o, Mama," mo kí i bí àwọn Yorùbá apá ọ̀dọ̀ wa ṣe ń kíra wọn.

"Ọ̀kún, ọmọ mi. Ta ló tún rántí mi?"

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, ó rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi pé abúlé kékeré kan lẹ́yìn Ìsánlú ni wọ́n ti bí òun, pé inú oko ni òun ti kọ́ bí a ṣe ń gbé ohùn sókè, nítorí bàbá òun kì í tètè gbọ́ràn. Mo yọ fóònù láti ya fótò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Rárá o. Jẹ́ kí ojú mi wálẹ̀ ná, kí o wá yà mí." Ó nawọ́ sí ara ògiri. "Ìyẹn ni kí o lò. Èmi gan-an nìyẹn."

Fótò tó wà níbẹ̀ ti ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, ó ń rẹ́rìn-ín níwájú ẹ̀rọ tó fi ń sọ̀rọ̀. Òun nìkan ni omi kò gbé lọ nínú gbogbo fótò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin ìwé náà ni pé ẹni tó ya fótò ló ni ín, kì í ṣe ẹni tí wọ́n yà. Ẹni tó yà á ti kú. Ọmọ rẹ̀, ọmọ Nupe kan, ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní Kpata. Èmi àti Alhaji lọ bá a. A ṣàlàyé pé ó ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yọ̀ǹda fótò náà fún gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, kí wọ́n tilẹ̀ lè fi ṣòwò.

"Ẹnikẹ́ni?" Yorùbá rẹ̀ dán mọ́rán. "Olóṣèlú kan mú iṣẹ́ bàbá mi, ó fi ṣe pósítà. Wọ́n gé orúkọ bàbá mi kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀. A lọ bá wọn, wọ́n lé wa jáde. Ẹ̀yin wá ní kí n fi ọwọ́ ara mi yọ̀ǹda rẹ̀?"

Alhaji fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fọwọ́ kàn án. Kò sí irọ́ nínú ohun tí ọkùnrin náà sọ.

A gbé ìtàn náà síta láìsí àwòrán. Kò pẹ́ tí olóòtú kan tí a kò mọ̀ rí fi lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọn lórí: kò sí ẹ̀rí. Mo kọ̀wé sí i pé gbogbo Lọ́kọ́ja ló mọ obìnrin yìí. Ó bi mí pé ìwé ìròyìn wo ló kọ nípa rẹ̀? Ó tún béèrè ohun tí mo jẹ́ sí obìnrin náà. Alhaji wá títí. Omi ti ba àwọn téèpù ilé iṣẹ́ rédíò jẹ́. Ní ti ìwé ìròyìn, ojoojúmọ́ ni obìnrin yìí ń ka ìròyìn àwọn ẹlòmíràn, kò sí ẹni tó kọ tirẹ̀. Wọ́n pa ìtàn náà rẹ́.

Mama pè mí. "Ṣé wọ́n ti gbé mi jáde?"

"A ṣì ń wá ẹ̀rí, Mama."

Ó ní, "Ẹ̀rí pé mo wà?"



Ìgbà òjò ló kú. Lọ́sẹ̀ náà, ìwé ìròyìn méjì kọ nípa rẹ̀. Alhaji pè mí, ó ní, "Àǹtí, a ti rí ẹ̀rí." Ó tún sọ kíá pé, "Ẹ má bínú. Kò yẹ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Kábà ni àwọn méjèèjì kọ pé wọ́n ti bí i. Ó hàn pé ọ̀kan ló da ti èkejì kọ. Mo kọ̀wé sí wọn, wọn kò dá mi lóhùn. Nígbà tí a tún ìtàn náà gbé sórí ìwé ìmọ̀ náà, àwọn olóòtú ní ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, ohun tí ìwé ìròyìn tẹ̀ ni ẹ̀rí. Èmi àti Alhaji jọ jíròrò, a sì yọ ìlú tí wọ́n ti bí i kúrò pátápátá. Ó sàn ju irọ́ lọ.

Pósítà ìsìnkú rẹ̀ kún ara ògiri láti Felele dé Kpata, fótò orí ògiri yẹn ló sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan wà lára ṣọ́ọ̀bù onífótò náà. Ọmọ onífótò náà rí mi níbi tí mo ti ń wò ó.

"Ikú kì í tọrọ àyè," ni ó wí. "Pósítà yìí, òjò á wẹ̀ ẹ́ dànù. Tiyín tó wà lórí ayélujára kì í kúrò mọ́."

Mo bi ọmọ Mama bóyá fótò mìíràn wà. Ó ní àwọn tó wà nínú fóònù òun, orí ibùsùn ọsibítù ni wọ́n ti yà wọ́n, òun kò sì ní fi wọ́n han ayé.

Ìlà mẹ́rin ló wà nínú ìwé náà báyìí: orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ti ṣe é, àti ikú rẹ̀. Kò sí ìlú tí wọ́n ti bí i níbẹ̀, kò sí fótò, kò sí àwọn orúkọ tó pè nígbà tí odò kún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á fún un lórí fóònù.

"Ṣé ó ti parí nìyẹn, Àǹtí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúpẹ́, ó ní kí n bá òun kí àwọn ará ilé mi.