Wolé-wolé àti Àpótí Ẹja Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé wọn kì í jẹ́ kí n dá lọ sódò, ilé wa nìkan ni mo mọ̀ ní gbogbo Ẹdẹ tí ẹja ti ń gbé inú pálọ̀, tí kò sì sí ẹni tó fẹ́ sè é. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí àpótí ẹja oníná ní báńkì àti ní òtẹ́ẹ̀lì lónìí, ẹ rò pé ayé yín ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Tíṣà ni bàbá mi. Tíṣà ayé ìgbà náà, ohun tó bá ti rí nínú ìwé, àfi kó dán an wò. Káfíńtà kan tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kan àpótí náà, ó fi gíláàsì fèrèsé sí i lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó kọ́kọ́ ń jò, wọ́n tún un ṣe títí ó fi gba omi dúró. Bàbá mi wá gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìtòsí Alájùé, wọ́n fi àwọ̀n kó ẹja wẹ́wẹ́ nínú odò kékeré kan lẹ́bàá oko. Kì í ṣe ẹja Ọ̀ṣun o. Ìyá bàbá mi, tí wọn kò fi Ọ̀ṣun sílẹ̀ títí wọ́n fi kú, ti bèèrè ìyẹn kí wọ́n tó jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ náà kọjá ẹnu ọ̀nà.

Àwọn ẹja náà kò gùn ju ìka mi lọ, ara wọn ń dán, ilà dúdú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé wọn kì í dá rìn. Bí ọ̀kan bá yà sọ́tùn-ún, gbogbo wọn ti yà sọ́tùn-ún nìyẹn, bí ọmọ iléèwé tí wọ́n fọn fèrè fún lórí pápá. Bí ọ̀kan bá ṣèèṣì kù sẹ́yìn, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ títí yóò fi bá àwọn yòókù.

Oúnjẹ wọn ló di wàhálà. Wọn kò ka èérún búrẹ́dì sí. Tanwíjí ni wọ́n fẹ́, kòkòrò wẹ́wẹ́ tó máa ń jó nínú omi tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, tó ń di ẹ̀fọn. Bàbá mi bá gbé ìkòkò àlòkù kan sẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n bu omi kún un kí ẹ̀fọn lè máa yé sí i. Ẹ gbọ́ o. Ní ayé tí wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba, ń tìtorí tanwíjí kan ṣoṣo gbé èèyàn lọ sí kóòtù, bàbá mi ń sin tanwíjí.

Màmá mi kò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, nítorí obìnrin ilé ni wọ́n máa ń bá ṣẹjọ́ omi, kì í ṣe tíṣà. Wọ́n ti mú ìyá kan ládùúgbò wa rí. Wọ́n mú un jókòó ní kóòtù láàárín àwọn olè, ìgbà tó sì dé, ó pẹ́ kó tó lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ń tì í. Màmá mi sọ fún bàbá mi pé bí wọ́n bá gbé àwọn dé kóòtù nítorí ẹja, ìlú Awó nílé bàbá àwọn ni kí wọ́n ti wá àwọn. Wọn kò fi ṣeré.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi ti lọ síléèwé, ibà sì dá mi dúró sílé. A ṣàdédé gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń ké láti ìsàlẹ̀ àdúgbò pé wolé-wolé ń bọ̀. Màmá mi sáré lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Tanwíjí inú ìkòkò yẹn pọ̀ débi pé omi ń mì. Bí wọ́n bá dà á sílẹ̀, yóò máa ta pàrà lórí ilẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ti wà nílé kejì, a ń gbọ́ ohùn ẹ̀. Ni wọ́n bá gbé ìkòkò wọ pálọ̀, wọ́n da gbogbo ẹ̀ sínú àpótí gíláàsì.

Ìgbà tí wọ́n dà á tán ni wọ́n tó rí ohun tí wọ́n ṣe. Ohun tó wà nípamọ́ lẹ́yìn ilé ti dé àárín pálọ̀, nínú gíláàsì, níbi tí afọ́jú nìkan ni kò ní rí i. Àwọn ẹja ńkọ́? Ẹ̀rù ti bà wọ́n. Wọ́n kó ara wọn jọ sí kọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀, wọn kò jẹun, wọn kò mira.

Wolé-wolé wọlé pẹ̀lú ṣòkòtò kákí péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orókún. Ó ní kí wọ́n fi àmù han òun, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó wò ó títí. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó lọ sí ṣáláńgá, màmá mi ń tẹ̀ lé e. Èmi nìkan ló kù lọ́dọ̀ ẹja. Mo gbé ẹnu sún mọ́ gíláàsì, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹun. Mo ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run. Ara mi ń gbóná, mo sì gbà pé bí ọkùnrin yẹn bá mú màmá mi jáde, n kò ní rí wọn mọ́.

Ìgbà tó yá, ọ̀kan kúrò ní kọ̀rọ̀, ó gbé tanwíjí kan mì. Ó yà, gbogbo wọn yà. Ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n ti tú yàyà sínú omi, wọ́n ń jẹ. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ bàtà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn kò sì tíì jẹ ẹ́ tán.

Ó wọlé, ó rí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Tanwíjí kan dorí kodò lójú omi, iwájú imú ẹ̀ gan-an. Ó wò ó. Èmi náà wò ó.

“Kí lẹ fi ń bọ́ wọn?”

Màmá mi kì í purọ́. Irọ́ a máa há wọn lọ́fun bí egungun. Wọ́n di etí ìró wọn mú.

“Ohun tí ẹ̀ ń wá kiri ni wọ́n ń jẹ, sà.”

Àwọn ẹja yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, a kò sì rí tanwíjí yẹn mọ́. Wolé-wolé ṣí fìlà ẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó. Ó wá rẹ́rìn-ín.

“Bí gbogbo ilé bá ní irú èyí, ìyá, ibo ni n ó ti rí iṣẹ́ ṣe?”

Nígbà tó lọ tán, màmá mi jókòó sílẹ̀, wọ́n sunkún. Nígbà tí bàbá mi dé láti iléèwé, wọ́n fọwọ́ ara wọn fọ́ ìkòkò yẹn kí màmá mi tó gbé oúnjẹ ọ̀sán fún wọn. Àbí kí ni kí wọ́n ṣe? Láti ìgbà náà, bí wolé-wolé bá ti dé àdúgbò wa, ó máa ń gbé ìgò tanwíjí tó rí nílé àwọn ẹlòmíì wá, ó máa ń dà á fún ẹja, ó sì máa ń jókòó wò wọ́n. Àwọn aládùúgbò ń kùn pé ilé tíṣà ni ẹja ti ń jẹ ẹjọ́ àwọn.

Àwọn ẹja yẹn ti kú tipẹ́, àwọn tó sìn wọ́n náà ti lọ. Ẹ̀fọn ni kò lọ. Tanwíjí tó wà nínú gọ́tà iwájú ilé mi yìí lè bọ́ ẹja gbogbo ìlú. A kọ́ fẹ́ǹsì, a ti géètì, kálukú wà nínú tirẹ̀, ẹ̀yin ọmọ sì wà lókèèrè níbi tí ẹ wà. Lọ́jọ́sí, pẹ̀lú ibà lára, mo gbàdúrà kí ọkùnrin kan má rí ohun tó wà nílé wa. Ní báyìí, mo ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, mò ń retí ẹni tí yóò wo ilé mi, n ò rí.