Ògiri tí Mo Pè ní Iṣẹ́ Òpè

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ará Agége ń pè mí ní Mísì, tí èmi náà sì gbà pé orúkọ yẹn yẹ mí dáadáa. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí. Òmìnira kò tíì dé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, wọ́n sì rán mi wá kọ́ni ní ilé ìwé girama kan tó ti wà kí wọ́n tó bí mi. Ilé alájà ni, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n láti ìsàlẹ̀ dókè. Àwọn olóko obì tó tẹ àdúgbò náà dó ló fi orí ara wọn ru ilẹ̀pa rẹ̀. Ògiri yẹn nípọn débi pé akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè dojú kọra jókòó sí ojú fèrèsé kan kí orúnkún wọn má kan ara wọn.

Èmi kò rí nǹkan kan tó dára lára rẹ̀. Bí mo bá lọ sí Ìkẹjà ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń rí àwọn ilé iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́, tí ògiri wọn tọ́ bí ìlà tí a fi rúlà fà. Irú ìyẹn ni ọkàn mi ń fẹ́. Nígbàkígbà tí mo bá gun àtẹ̀gùn onípákó wa, tí mo wọ bàtà onígìgísẹ̀ mi, tí pákó sì ń han, mo máa ń pòṣé kí n tó dé òkè. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ni mo ní nígbà náà, n kò tíì ní àkísà kankan.

Lọ́dún kejì mi níbẹ̀, òjò kan rọ̀ fún ọjọ́ méjì láìdá. Nígbà tó dá, ògiri apá ìlà oòrùn ti lanu láti abẹ́ fèrèsé òkè títí délẹ̀, àfo rẹ̀ sì gba apá èèyàn. Ọjọ́ Àìkú ni, kò sẹ́ni tó fara pa. Ọ̀gá ilé ìwé wa kó gbogbo wa jáde. Wọ́n kó àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Aládùúrà, àwọn tó kù sì ń kàwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí. Láàárín àwọn búútà àlùwàlá ni mo ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò.

Ọ̀gá wa yìí, ará Ìjẹ̀bú ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ibà dá a gúnlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ló bá ránṣẹ́ pè mí sílé.

“Mísì, bá mi kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Sọ fún wọn pé ògiri kan lanu, kí wọ́n bá wa tún un ṣe.”

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti tábìlì, gẹ̀ẹ́sì ń ṣàn lọ́wọ́ mi bí omi. Mo kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òpè ni ilé náà, pé kò yẹ fún ọmọ èèyàn láti gbé inú rẹ̀, pé ohun tó tọ́ sí i ni kí wọ́n wó o palẹ̀. Èrò mi ni pé bí wọ́n bá wó o, wọ́n á kọ́ tuntun. Mo gbé lẹ́tà náà lọ bá ọ̀gá níbi tó ti ń gbọ̀n lábẹ́ kúbùsù.

“Ṣé ohun tí mo ní kí o kọ lo kọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó fọwọ́ sí i láìkà á.

Ẹyin lohùn. Èsì dé láìpẹ́, àwọn ará ọ́fíìsì sì gba gbogbo ohun tí mo sọ gbọ́. Wọ́n ní nígbà tí ilé kò ti yẹ fún ọmọ èèyàn, àwọn yóò ti ilé ìwé náà pa, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ wá àyè ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta. Wọn kò dárúkọ ilé tuntun rárá. Mo mọ iye ọmọ tí ìwé wọn máa parí síbẹ̀, pàápàá àwọn ọmọbìnrin, torí bàbá wo ló máa jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ máa wọ rélùwéè lọ s'Ékòó lójoojúmọ́? Ọ̀gá wa bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà pé àwọn á rán ẹnì kan wá lẹ́yìn ọlidé. Bó bá rí i pé ilé náà dúró dáadáa, wọ́n á tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò.

Wọ́n pe àwọn òbí àti àwọn àgbà àdúgbò jọ. Ọ̀gá ka èsì náà, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, títí kan ibi tí wọ́n ti tún ọ̀rọ̀ mi sọ, ọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ òpè. Bàbá arúgbó kan dìde láàárín èrò. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Bàbá Bíríkìlà ni gbogbo ayé ń pè é. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti di olóògbé ni wọ́n mọ ilé náà.

“Ọ̀gá, ta ló pe iṣẹ́ wa ní iṣẹ́ òpè?”

Ẹ̀yìn ọ̀gá gan-an ni mo jókòó sí. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ọ̀gá kò wẹ̀yìn.

“Èmi ni mo fọwọ́ sí i, Bàbá. Ẹ foríjì mí.”

Bàbá yíjú sí i. “Ẹ̀yin tí mo kọ́ balùwẹ̀ fún, ẹ̀yin lẹ pe iṣẹ́ mi bẹ́ẹ̀?” Ó ju etí agbádá rẹ̀ sí èjìká. “Kò burú. Láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹni tó bá lágbára bẹ̀rẹ̀ sí í kó ilẹ̀pa wá.”

Wọ́n kó o wá lóòótọ́, láti Oko Ọba, láti Dọ̀pẹ̀mú. Àwọn ìyá ọmọ ń pọnmi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gún amọ̀ lẹ́sẹ̀. N kò lọ sílé fún ọlidé, èmi náà wá síbẹ̀, tèmi ti bàtà onígìgísẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, amọ̀ ti gba ẹsẹ̀ bàtà kan mọ́ mi lọ́wọ́, gbogbo wọn sì fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ṣe ìyókù iṣẹ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá mú irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ sìmẹ́ńtì tó wà lójú ògiri tó lanu. Kọngilá kan ló rẹ́ sìmẹ́ńtì yẹn mọ́ ọn lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, kí ilé lè dà bíi tuntun. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rin gbingbin.

“Fọwọ́ kàn án, Mísì. Ṣé o rí i? Amọ̀ kọ́ ló ṣẹ̀. Òrùlé ń jò, omi ń gbabẹ̀ wọlé. Tẹ́lẹ̀, oòrùn á fà á gbẹ. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì yìí ti dí i nímú, omi ò rọ́nà jáde mọ́.”

Mo fọwọ́ kàn án. Nínú gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ nípa omi.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí n tó rí ẹnu sọ ọ́. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ọ̀sán tán ni, ó ń ká ẹní rẹ̀.

“Bàbá, èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀gá ò kà á.”

Ó ká ẹní náà tán. “Mo mọ̀.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Gbogbo èèyàn ló ń wò mí lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ nìkan lò ń wolẹ̀.” Ó jókòó lé òkúta kan. “Nígbà tí kọngilá yẹn ń rẹ́ sìmẹ́ńtì, mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mò ń wò ó. Mo mọ̀ pé yóò ba ògiri jẹ́. Inú ń bí mi pé wọn ò pè mí, mo bá panu mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú, kò lè gbèjà iṣẹ́ wa, èmi tí mo wà láàyè sì dákẹ́. Ìwọ sọ ohun tí o kò mọ̀, èmi kò sọ ohun tí mo mọ̀. Ta ló jẹ̀bi jù?” Ó nawọ́ sí mi kí n fà á dìde. “Jẹ́ ká lọ, omi ti tán nínú àgbá.”

Nígbà tí òyìnbó ọ́fíìsì dé, a ti dí ojú àfo náà, a ti pààrọ̀ páànù tó jò, a sì ti fi amọ̀ tí a pò mọ́ omi èèpo irú, kí òjò má baà fọ̀ ọ́ lọ, rẹ́ gbogbo ara ilé. Òòlù wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, lẹ́tà mi wà ní ìkejì. Ó béèrè ẹni tó kọ ọ́. Mo rí i tí ọ̀gá wa ń la ẹnu, mo bá bọ́ síwájú kó tó sọ̀rọ̀. Mo ní èmi ni, mo ní ọ̀gá mi kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mo ní n kò mọ nǹkan kan nípa ilé mímọ lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́. Ó béèrè pé ta ló wá mọ̀. Mo pe Bàbá, mo sì di ògbufọ̀ rẹ̀. Òyìnbó fi òòlù lu ògiri níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó gun òkè lọ fò lórí pákó, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n bi Bàbá pé ọdún mélòó ni ilé náà yóò fi dúró.

“Sọ fún un pé kó bi ẹni tí yóò máa wo òrùlé. Ògiri kì í dá kú.”

Wọn kò ti ilé ìwé náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀gá tó fọwọ́ sí ohun tí kò kà kò yẹ ní ipò yẹn, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwé kékeré kan lọ́nà jíjìn. Èmi tí mo jẹ̀bi, wọ́n fi mí sílẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé òun ló bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin Agége láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, mo sì kúnlẹ̀ níbẹ̀ lójú gbogbo èrò.

“Dìde, aṣọ rẹ ń dọ̀tí,” ló wí. “Bí o bá di ọ̀gá lọ́jọ́ kan, máa kà á kí o tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé kan bá ṣìṣe lábẹ́ rẹ, kọ́kọ́ bò ó níta, kí o tó bá a wí nínú ilé.”

Òun kò bá mi wí rárá. Ọkọ̀ ojú irin dé, ó gbé e lọ, n kò sì rí i mọ́ títí ó fi kú.

Mo di ọ̀gá níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Títí di òní, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ bá pàdé mi, wọ́n a máa yìn mí pé èmi ni mo dúró níwájú òyìnbó tí ilé ìwé fi là. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó tiná bọ oko kì í gba ìyìn nítorí pé ó bu omi. Wọ́n á ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Olùkọ́ pọ̀ tó kọ́ mi láyé yìí, ṣùgbọ́n àwọn méjì ló kọ́ mi jù: ọ̀kan kò mọ̀wé kà, èkejì kò ka ìwé tó fọwọ́ sí.