Ìwé Orin Tí A Tú Ká Tó Pín

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí ní Okitipupa, ẹnu mi kì í sì í sinmi. Ohun tí mo fẹ́ràn jù láti kọ́ àwọn ọmọ ni bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín sí méjì, torí n kò tíì rí ìdílé tó mọ nǹkan pín tó bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà máa bá mi dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Aládùúrà ni wá, ní Àyèká. Àwọn ará wa tó ń gun ọ̀kadà wá láti Akotogbo ti pọ̀, àwọn àgbà ìjọ sì ní kí wọ́n lọ dá tiwọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin náà máa pín. Màmá mi, olórí akọrin, máa dúró. Igbákejì wọn, ìyá kan tó ń se epo pupa, máa kó ìdajì lọ. Ìwé orin ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Bàbá mi tó ti sùn nínú Olúwa ló fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́, bí àwọn aríran ṣe ń gbọ́ orin lójú ìran. Àwọn àgbà ní kí ìwé náà máa bá àwọn tó ń lọ lọ, kí àwa kọ tiwa, ṣebí a ti mọ orin náà sórí.

Màmá mi ò jiyàn. Wọ́n kàn gbé ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n ń sùn lé e. Inú bí mi sí àwọn àgbà yẹn débi pé ohun tó wà lẹ́nu mi kò ṣe é sọ níwájú pẹpẹ.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni mo ń ṣàlàyé fún kíláàsì mi pé inú kókó sẹ́ẹ̀lì ni DNA, àkọsílẹ̀ àbùdá wa, wà, okùn méjì tó lọ́ mọ́ra. Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín, okùn náà á tú, a ó sì da gbogbo rẹ̀ kọ. Ó gùn jù kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan, nítorí náà ọ̀pọ̀ ibi ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọmọbìnrin kan nawọ́. "Àǹtí, sẹ́ẹ̀lì wo ló ń mú ti àtijọ́, èwo ló ń mú tuntun?"

Mo ní kò sí èyí tó ń mú ti àtijọ́ nìkan. Okùn àtijọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gba ẹnìkejì tuntun, ìdajì-ìdajì ni wọ́n jọ ń pín in. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo jókòó, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ìwé bàbá mi lọ́kàn.

Ní Sátidé, mo bẹ màmá mi títí wọ́n fi jẹ́ kí n tú òwú ìwé náà. A pín ewé rẹ̀ fún àwọn akọrin, kálukú ń kọ tirẹ̀. Àwọn méjì tí òfófó gbà lọ́kàn da ewé kan náà kọ. Sẹ́ẹ̀lì kò ní dán irú rẹ̀ wò. Màmá mi ń kọ èyí tuntun lórin, igbákejì wọn ń fi ìka tọ ti àtijọ́. Ibi tí ohùn bá ti kọsẹ̀, wọ́n á ní kí ẹni tó kọ ọ́ padà, kó pa á rẹ́, kó tún un kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó ń kọ DNA ṣe ń padà gé àṣìṣe rẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ dì í, mo to ewé bàbá mi kan, tuntun kan, títí ìwé fi di méjì, orin sì pé nínú méjèèjì. Àgbà kan ní ó rí jágajàga. A fa òwú náà le.

Màmá mi ṣí ìwé Akotogbo wò, ewé kan tẹ̀ lé èkejì, wọ́n wá gbé e fún igbákejì wọn. "Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."

Nígbà tí à ń lọ sílé, màmá mi di ọwọ́ mi mú. "Ọma mi, mo rò pé wọ́n tún fẹ́ gba bàbá rẹ lọ́wọ́ mi ni. Ìdajì tó mi."