Ẹ Kú Iṣẹ́ o, Ẹ̀yin Oyin

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé pòpórò àgbàdo ga jù mí lọ, kò sí ẹni tó jẹ́ kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mo ń sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Lábúlé wa lẹ́yìn Ìkirè, bí bàbá mi bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ebè, ẹni tó ń lọ sódò á kí wọn, ẹni tó ń toko bọ̀ á kí wọn, kódà ẹni tó ń sá fún òjò á ju "ẹ kú iṣẹ́ o" sẹ́yìn bó ṣe ń sáré lọ. Bàbá mi á ní "Òo o," láìgbé orí sókè. Àfi bí ẹnì kan bá kọjá tí kò kí wọn. Ìgbà náà ni wọ́n á nàró, wọ́n á fọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n á máa wo ẹ̀yìn onítọ̀hún títí á fi wọ igbó. Nígbà tí a bá fi máa délé, ìyá mi á ti máa bèèrè ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Bàbá mi tún ní àṣà kan tó máa ń pa àwọn ará abúlé lẹ́rìn-ín. Wọ́n máa ń kí oyin. Igi ọsàn mélòó kan wà létí oko kòkó wa, bí wọ́n bá sì ti yọ òdòdó, ńṣe ni gbogbo ibẹ̀ á máa kùn, òórùn dídùn náà á sì báni dé ọ̀nà odò. Bàbá mi á dúró sí ọ̀ọ́kán, níbi tí wọn ò ti ní dí iṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oyin." Wọ́n ní alágbàṣe tí kì í bèèrè oúnjẹ ọ̀sán ni oyin, àti pé igi tí oyin ò bá yà sí, kéèyàn má retí èso lórí rẹ̀. Àwa ọmọ tó tò tẹ̀ lé wọn la máa ń bá oyin dáhùn. A ó fa ohùn wa tín-ín-rín, a ó ní, "Òo ooo!" Bàbá mi á ṣe bí ẹni pé oyin ló dáhùn lóòótọ́, wọ́n á mi orí, wọ́n á kọjá lọ. Nígbà tí èmi náà dẹni tó ń tọ́mọ n'Íbàdàn, mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi títí ó fi sú wọn.

Àkọ́bí mi obìnrin ló mú mi wá sí Toronto. Ó bímọ, mo wá bá a wẹ ọmọ. Ọmọ tí mo wá wẹ̀ ti ń lọ síléèwé báyìí, òun àti àbúrò rẹ̀, bí mo bá sì fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Nọ́ọ̀sì ni ìyá wọn, iṣẹ́ òru ló sì ń ṣe. Bó bá wọlé láàárọ̀, á ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ìkúnlẹ̀ tó fi ń kí mi kì í délẹ̀ mọ́. Á gòkè lọ, á sùn. Ọkọ rẹ̀ á ti gbé ọkọ̀ ẹrù jáde láti ìdájí. Èmi nìkan ló máa ń kù nísàlẹ̀ ilé wa ní Rexdale. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn nínú ilé, n kò gbọ́dọ̀ gún nǹkan, n kò gbọ́dọ̀ kọrin, kí n má baà jí i lójú oorun. Tẹlifíṣọ̀n á wà ní títàn, ṣùgbọ́n mo ti pa ohùn rẹ̀, ẹnu àwọn èèyàn inú rẹ̀ ló kàn ń mì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: àdáwà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Bí mo ṣe bọ́ síta nìyẹn. Ilẹ̀ tóóró kan wà níwájú ilé, lábẹ́ fèrèsé yàrá ọmọ mi gan-an, ọ̀nà táwọn èèyàn ń gbà lọ wọ bọ́ọ̀sì sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń tú ilẹ̀, ẹsẹ̀ ń kọjá. Bàtà oríṣiríṣi. Nǹkan wà létí wọn, fóònù wà lójú wọn. Kò sẹ́ni tó kí mi. Mo mọ̀ pé a kò bá ara wa jà, mo mọ̀ pé kíkí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe àṣà wọn. Ẹ̀yìn mi tó tẹ̀ ni kò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti kọjá ló ń retí ìkíni.

Efinrin ni mo kọ́kọ́ gbìn. Ó hù, ó ta, mo já nínú rẹ̀ sí ọbẹ̀, inú mi dùn. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí otútù kọ́kọ́ mú, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo bá a tó ti dúdú, tó rọ bí ewé tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún. Kì í ṣe efinrin nìkan ni mò ń sunkún fún. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé bí n kò bá rí ohun tó máa bá mi gbé nílẹ̀ yìí, màá ní kí ọmọ mi bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí n máa lọ sílé. N kò sọ fún un.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi tí wọ́n ti ń ta òdòdó. Ojú ni mo fi yan. Mo mú èyí tó ki jù, tí ewé òdòdó rẹ̀ dí pọ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ, mo gbé e wálé tayọ̀tayọ̀. Oyin kan wá. Ó yí òdòdó náà po, ó wá ẹnu ọ̀nà títí, kò rí i, ó lọ. Ó dùn mí bí ẹni pé àlejò ló kanlẹ̀kùn tí a ò ṣí fún un. Ọjọ́ kejì, mo gbé òdòdó mi padà lọ jà.

Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan, obìnrin tó wé hìjáàbù, tó so épírọ́ọ̀nù mọ́ra, gbọ́ mi bí mo ṣe ń fi Yorùbá ráhùn. Ó sáré wá, ó tẹ orúnkún. "Ha, Mummy! Ẹ káàárọ̀ Ma. Àṣé ọmọ Yorùbá ni yín!" Ọmọ Ìlọrin ni, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kà nílé kó tó wá. Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín. "Mummy, petal èyí ti pọ̀ jù, oyin ò lè rí àárín rẹ̀. Ẹ mú èyí tójú rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu. Àti pé one year péré nìyẹn máa lò, ó tán. Èyí tó máa sùn lẹ fẹ́. Tí winter bá dé, òkè á kú, but gbòǹgbò ò ní kú. Next year, ẹ máa rí i."

Mo ní, "Ọmọ mi, ibi tí ó ń sùn yẹn ni kí o mú mi lọ."

A rìn yí ká títí. Ó ní kí n má yan èyí tí gbogbo wọn á jọ yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ebi ò mọ oṣù, oyin ń jẹun láti ìgbà tí yìnyín bá ti yọ́ títí tí otútù á tún fi dé. Nítorí náà, mo mú àlùbọ́sà eléwé kékeré kan tó máa ń tètè jí, tí orí òdòdó rẹ̀ rí roboto. Mo mú táìmù, èyí tá a fi ń se ọbẹ̀ yìí náà, tó ń fà nílẹ̀. N kò mọ̀ láyé mi pé ó ń yọ òdòdó. Mo mú láfẹ́ńdà olóòórùn dídùn, àti òdòdó aláwọ̀ àlùkò kan tí àárín rẹ̀ yọ gogoro, tí oyin lè jókòó lé. Míńtì ni mo fẹ́ràn jù, torí mo fi imú kàn án, mo sì rántí efinrin. Ó ní inú ìkòkò ni kí n gbìn ín sí o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gba gbogbo ilẹ̀ bí ẹbí ọkọ tó ní òun kàn yà kí wa ni. Òdòdó tí wọ́n ń pè ní ásítà ló fi ṣe ìkẹyìn, tí í yọ òdòdó nígbà tí àwọn yòókù bá ti ń palẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tó sọ ló yà mí lẹ́nu jù. Ó ní bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, kí n má gé pòpórò, kí n má gbá ewé, nítorí oyin mìíràn wà tó jẹ́ inú pòpórò gbígbẹ ló ń sùn di ọdún tó ń bọ̀. Èmi tí wọ́n ń jí láti ìdájí kí n lọ gbálẹ̀! Bí ìyá mi bá rí iwájú ilé yẹn, wọ́n á ní mo ti ya ọ̀bùn. Ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀. Yìnyín bò ó. Mo ń tinú fèrèsé wò ó lójoojúmọ́, èmi nìkan nísàlẹ̀ ilé.

Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, mo kúnlẹ̀, mo ń wá wọn. Kò sí nǹkan kan. Mo tún wá lọ́jọ́ kejì. Àfi bí mo ṣe rí ṣóńṣó ewé àlùbọ́sà náà, tútù yọ̀yọ̀. Mo pariwo, mo sì yára fọwọ́ bo ẹnu nítorí ẹni tó ń sùn lókè.

Oyin dé lóòótọ́. Àwọn kan sanra, wọ́n nírun bí ọmọ ajá. Àwọn mìíràn kéré, ara wọn ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo dúró sí ọ̀ọ́kán bíi bàbá mi, ẹnu mi ló sì ṣí fúnra rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oyin." Jẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, àfi bí òjò bá ń rọ̀, kò sí òwúrọ̀ tí n kì í kí wọn. Màá kí wọn tán, màá dúró díẹ̀, ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń dáhùn, kí n tó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń kọjá lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Nígbà tó di pé ásítà nìkan ló kù, tí afẹ́fẹ́ ti ń mú, mo jí lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìpinnu. Oyin dára, ṣùgbọ́n oyin kì í ṣe èèyàn. Bí ọmọ mi bá jí lọ́sàn-án, màá sọ ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Mo jáde lọ kí wọn, ohùn mi sì wálẹ̀, bí ti ẹni tó ń dágbére.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oyin."

Ohùn tín-ín-rín kan dáhùn lókè orí mi. "Òo ooo!"

Mo gbójú sókè. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ọmọ mi wà níbẹ̀, ìborùn lórí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màámi, ẹ kú iṣẹ́."

Mo ní, "Yéè, mo ti jí ọ."

"Ẹ ò jí mi. Everyday ni mò ń gbọ́ yín. Tí mo bá ti gbọ́ yẹn ni mo tó máa ń sùn. Last week tí òjò rọ̀, tí ẹ ò jáde, mi ò sùn rárá, mo kàn ń wo ceiling ni. Ohùn yín ni ò dáa lónìí, ló jẹ́ kí n dáhùn." Ó ṣí fèrèsé náà sí i. "Ẹ má dákẹ́ o, Màámi."

Mo ní kó lọ sùn. Ó lọ, ilé sì tún dákẹ́ bó ṣe ń dákẹ́.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tiwa, gbogbo ọ̀nà oko ló ń kí ẹnì kan. Lónìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ fèrèsé kan ṣoṣo. N kò ní purọ́ fún yín pé ó tó mi. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé, ẹ̀yìn mi ṣì ń retí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà lẹ́nu mi, n kò tíì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n otútù ti dé, n kò gé pòpórò kankan. Àwọn kan ń sùn nínú rẹ̀, ẹnì kan sì ń sùn lókè. Bí mo bá lọ, ta ni yóò kí wọn bí wọ́n bá jí?