Aṣọ Akọrin Ìyá Mi

Aládùúgbò mi ṣí àpótí aṣọ rẹ̀ lánàá, òórùn káńfọ̀ sì gbé mi padà sí ilé wa ní Ìkọ̀lé.

Ọ̀sán Sátidé ni. Ìyá mi, tí ohùn rẹ̀ máa ń borí dùùrù ní kàtídírà, ń lọ aṣọ akọrin rẹ̀, funfun gbòò, sítáàṣì mú un le. Ọ̀gá akọrin wọlé, kò jókòó.

"Màmá Bọ́lá, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n wá gba aṣọ yẹn."

Mo rò pé wọ́n fẹ́ bá wa fọ̀ ọ́ ni. Mo ní, "A ti fọ̀ ọ́, sà!"

Kò wojú mi. Ìyá mi ká aṣọ náà bó ṣe gbóná, ó nà án sí i. "Ẹ bá mi kí wọn n'ulé Olúwa."

Mo ti bímọ kí n tó gbọ́ pé torí pé ìyàwó kejì ni ìyá mi ni wọ́n ṣe gba aṣọ náà, àti pé bàbá mi ṣì ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà nígbà yẹn.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, mo ní kí ìyá mi kọrin fún mi. Ó ní ọ̀fun ń dun òun. Ọ̀fun náà kò sàn títí a fi sin ín.